Bàbá mi àti ọjọ́ orí méjì: ohun tójú wa rí kí wọ́n tó fi sítẹ́ǹtì sí wọn lọ́rùn

Ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá tàbí ìyá àgbà lọ́dọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ kó wọn wá sí Amẹ́ríkà bí èmi náà ṣe kó bàbá mi wá sí Houston, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí. Lọ́dún 2024 wọ́n fi sítẹ́ǹtì, ìyẹn páìpù kékeré onírin tí wọ́n fi ń la iṣan tó ti fún, sí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó gba ọrùn bàbá mi lọ sí ọpọlọ, èyí tí wọ́n ń pè ní kàrótíìdì. Iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀ ò pẹ́ rárá. Àwọn ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀ ló le, ìgbà tí àwọn dókítà ń wò ó bóyá ara wọn á gbà á àbí kò ní gbà á, torí sítẹ́ǹtì tí wọ́n fẹ́ fi dènà rọpárọsẹ̀ yìí, òun náà lè fa rọpárọsẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é. Mo wá rí i pé pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ ńláńlá tí wọ́n ní, ohun tí àwa ará ilé bá sọ fún wọn wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣírò, ọ̀pọ̀ ohun tí a bá sì fi pa mọ́, kò sí síkáànù tó máa bá wọn yọ ọ́.

Bàbá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ní ṣúgà, ọkàn wọn náà ò lágbára mọ́ látọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn díẹ̀ wọ́n á dúró mí. Lọ́jọ́ Sunday kan a wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìwàásù ń lọ lọ́wọ́, ni wọ́n bá fọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n ní, "Fúnmi, ṣé wọ́n paná ni?" Iná wà. Ojú òsì wọn ló ṣú, wọ́n ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn fa kọ́tìnì wálẹ̀ látòkè. Kò pẹ́ ló là padà. Wọ́n ní ká ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán ká tó lọ. Ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn wa, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, àwọn ló ní, "Oore-ọ̀fẹ́ ń bá yín lọ, ẹ gbé bàbá lọ sí ẹmágẹ́ńsì báyìí báyìí." Ọlọ́run á bá mi san án fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí kí n tó gbàgbé. Ojú tó ṣú tó tún là, ọwọ́ tó kú tó tún jí, ẹnu tó wọ́ tó tún padà sípò, a máa ń ní "ó ti lọ, ọpẹ́ ni." Kò tíì lọ o. Ìkìlọ̀ ni, àti pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ gidi máa ń wọlé jù, ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ló burú jù. Ẹ pe 911. Ẹ má dúró de Monday.

Ní ọsibítù wọ́n fi síkáànù wo ọrùn wọn, èyí tí wọ́n máa ń fi jẹ́ẹ̀lì tutù pa lára kí wọ́n tó gbé nǹkan lé e. Ẹ̀rọ yẹn máa ń dún, ẹ máa gbọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré. Lápá ọ̀tún ó ń dún fùú, fùú, jẹ́jẹ́. Nígbà tí wọ́n dé apá òsì, ohùn yẹn yí padà, ó di híhan, mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi. Tí iṣan bá fún, ẹ̀jẹ̀ á máa sáré kó lè ráyè kọjá, tí eré yẹn bá ti kọjá 230 sẹ̀ǹtímítà láàárín sẹ́kọ́ńdù kan, wọ́n á ní ó ṣeé ṣe kó ti dí tó 70 nínú 100. Ti bàbá mi kọjá 300. Wọ́n tún ṣe CT tó ní dáì, ìyẹn àwòrán tí wọ́n máa ń fa oògùn sínú ẹ̀jẹ̀ kí iṣan lè hàn nínú ẹ̀, torí síkáànù ọrùn nìkan ò tó tí wọ́n bá fẹ́ ṣe sítẹ́ǹtì, ó yẹ kí wọ́n rí iṣan náà láti àyà títí dé inú orí. Ó jáde ní 80 nínú 100.

Nígbà tí a ṣì wà ní ẹmágẹ́ńsì, nọ́ọ̀sì kan wá ṣe àyẹ̀wò ọpọlọ fún wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní NIH Stroke Scale. Gbé ọwọ́ sókè, gbé ẹsẹ̀ sókè, rẹ́rìn-ín, di ojú. Ìbéèrè méjì kan wà níbẹ̀, oṣù wo la wà, ọmọ ọdún mélòó ni ẹ. Òyìnbó ló fi bi wọ́n, bàbá mi ò sì gbọ́ òyìnbó púpọ̀. Mo túmọ̀ ẹ̀. Wọ́n dáhùn oṣù. Nígbà tó kan ọjọ́ orí, wọ́n wojú mi, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní, "Ṣé ti ìwé ni?" Mo yára ní kí wọ́n sọ ti ìwé, wọ́n wá ń ronú, wọ́n sọ nọ́ńbà kan, kò bá ti fáìlì mu, nọ́ọ̀sì yẹn kọ nǹkan sílẹ̀, ó lọ. Ẹ̀rù ti bà mí débi pé mi ò ro ohun tó kọ.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ọmọ mi ọkùnrin pè mí lórí fóònù, ó bi mí pé ṣé torí ọwọ́ Grandpa ni wọ́n fi wà ní ọsibítù. Ọwọ́ wo? Ó ní láti bí ọjọ́ mélòó kan ni Grandpa ti ń fi ọwọ́ òsì jẹun tí kò bá sí ẹlòmíì nítòsí. Ara mi bù máṣọ. Bàbá tó jẹ́ pé tí o bá fi ọwọ́ òsì gba omi lọ́wọ́ wọn, wọn ò ní fún ẹ! Mo bi wọ́n láàárọ̀, wọ́n kọ́kọ́ ní irọ́ ni, wọ́n wá jẹ́wọ́ pé òkèlè ti ń já bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún wọn nígbà míì, ó máa kú fún ìgbà díẹ̀, á tún jí. Wọn ò fẹ́ kí n dààmú ni wọ́n ṣe dákẹ́.

Mo sọ fún dókítà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sì yí ohun tó ń kọ padà. Apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún, iṣan òsì tó dí yìí náà ló ń bọ́ ojú òsì, nítorí náà ibì kan náà ni gbogbo ẹ̀ ti wá. Ó ní tó bá jẹ́ ojú nìkan ni, ewu ẹ̀ kéré sí ti ẹni tí ọpọlọ ẹ̀ fúnra ẹ̀ ti ń gba ìkìlọ̀. Ẹni tí àmì kankan ò tíì yọ lára ẹ̀, ìlànà ni pé àwọn tó máa ní rọpárọsẹ̀ tàbí kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe é fún wọn ò gbọ́dọ̀ ju 3 nínú 100, kí wọ́n tó lè ní ó tọ́ láti ṣe é. Ẹni tí àmì ti yọ lára ẹ̀, wọ́n lè gbà á dé 6, torí pé ewu pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ náà pọ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán ọpọlọ wọn, wọ́n rí ibi kékeré kan tó ti kú lápá òsì ọpọlọ, tuntun. Ó ní ọpẹ́ ni pé kékeré ni, tó bá jẹ́ ńlá, wọ́n máa ní láti dúró kó tó san, kí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tú sílẹ̀ má bàa ya wọ ibẹ̀.

Ẹ bi àwọn ọmọdé inú ilé. Ẹ bi ẹni tó ń bá wọn jẹun. Àwọn àgbà wa máa ń gbé ìrora mì.

Ọjọ́ kejì ni dókítà iṣan ẹ̀jẹ̀ wá jókòó tì wá. Lọ́tẹ̀ yìí mo ti ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ Yorùbá, wọ́n sì gbé e wá lórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀tọ́ yín ni o, ọ̀fẹ́ ni, ẹ kàn ní láti béèrè. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà yẹn bi mí já mi láyà: "Láti ìgbà wo ni bàbá ti ń gbàgbé nǹkan?" Mo ní wọn kì í gbàgbé nǹkan. Ó ní nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé wọn ò mọ ọjọ́ orí wọn, ọpọlọ wọn ò sì já gaara. Ó wá ṣàlàyé pé òun ò kàn máa béèrè lásán, ẹni tí ọpọlọ ẹ̀ ti ń kú díẹ̀díẹ̀ kì í lè fara da èérún kékeré tó bá fò wọ ọpọlọ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe sítẹ́ǹtì, ohun tí ẹlòmíì ò ní mọ̀ pé ó ṣe òun, ó lè dá ti ẹni bẹ́ẹ̀ wó. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí, òun lè sọ pé ká má ṣe é rárá, ká lo oògùn nìkan.

Ọkàn mi ń lù kìkì. Mo mọ ohun tó fà á. Gbogbo wa nílé la mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba pásípọ́ọ̀tù fún bàbá mi, kóòtù ni wọ́n lọ búra ọjọ́ orí bí gbogbo èèyàn ṣe máa ń ṣe, wọ́n sì kọ ọdún 1955. Mò ń ro ó lọ́kàn bóyá kí n sọ ọ́ àbí kí n má sọ ọ́, mò ń ro káàdì wọn, mò ń ro Medicare, ètò ìjọba Amẹ́ríkà tó ń sanwó ìtọ́jú àwọn àgbà, ni bàbá mi bá kọjú sí ògbufọ̀ yẹn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ bá mi sọ fún un pé orí mi pé. Ọjọ́ orí méjì ni mo ní. Èwo ni ó fẹ́?"

Wọ́n wá sọ fún un. Wọ́n ní January ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ iléèwé ọ̀fẹ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn, àwọn wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ kó wọlé ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹsẹ̀ lásán làwọn wọ lọ. Ìwé wá ń sọ pé ọdún yẹn gan-an ni wọ́n bí wọn. Ọmọ ọdún mẹ́fà, méje ni wọ́n ń mú nígbà yẹn. Èyí tí ìwé ń pè ní 69, ó ti lé ní 75.

Dókítà yẹn ò bínú o. Ó ní òun kì í ṣe ìmígíréṣọ̀n, iṣan ẹ̀jẹ̀ ni òun ń tọ́jú, òun tilẹ̀ ti ń wo àwòrán àyà wọn láti àárọ̀ tí òun ń ṣe kàyéfì pé iṣan yìí dàgbà ju ẹni 69 lọ. Ó wá fún wa ní ìṣirò tó jẹ́ kí n mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi le. Lọ́dún 2010 wọ́n kó ìwádìí mẹ́ta pọ̀, aláìsàn 3,433, gbogbo wọn ni àmì ti yọ lára wọn bíi ti bàbá mi. Àwọn tí ò tíì pé 70, ọgbọọgba ni sítẹ́ǹtì àti iṣẹ́ abẹ ọrùn, ìyẹn kí wọ́n la ọrùn kí wọ́n sì fọ inú iṣan mọ́, láàárín oṣù mẹ́rin nǹkan bíi 5.8 nínú 100 ló ní rọpárọsẹ̀ tàbí tó kú lọ́wọ́ sítẹ́ǹtì, 5.7 lọ́wọ́ iṣẹ́ abẹ. Àwọn tó ti pé 70 sókè, sítẹ́ǹtì fò sí 12, iṣẹ́ abẹ ò kúrò ní 5.9. Ìlọ́po méjì! Àádọ́rin ọdún yẹn gan-an ló sì wà láàárín ọjọ́ orí bàbá mi méjèèjì. Ẹni 69 bọ́ sápá kan, ẹni 76 bọ́ sápá kejì.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ọ̀rọ̀ yìí bá. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni lọ yí ìwé padà. Ohun tí mò ń sọ ni pé dókítà tó fẹ́ fi wáyà wọ iṣan tó lọ sí ọpọlọ bàbá yín gbọ́dọ̀ mọ ọdún tí bàbá yín ti lò láyé.

Ìdí tí ọjọ́ orí fi ń da sítẹ́ǹtì rú, ó fi hàn wá lórí kọ̀ǹpútà. Ìpilẹ̀ itan ni wọ́n sábà máa ń gbà wọlé, wọ́n á ti wáyà gba ikùn, gba àyà, kó tó yí sókè sí ọrùn. Ibi tó ti ń yí láyà yẹn, tí èèyàn bá ti ń dàgbà, pàápàá ẹlẹ́jẹ̀ ríru, ó máa ń wálẹ̀, á sì kọ́rọ̀, wọ́n ní oríṣi mẹ́ta ló wà, ti bàbá mi jẹ́ oríṣi kẹta, tó le jù. Wáyà tí wọ́n bá ń yí níbẹ̀ lè ha èérún kúrò lára iṣan, kó gbé e lọ sí ọpọlọ kí wọ́n tilẹ̀ tó dé ibi tó dí. Ó tún wo ibi tó dí fúnra ẹ̀, bó ṣe gùn tó, bóyá ó ti le bí egungun yí ká, bóyá ẹ̀jẹ̀ dídì wà níbẹ̀. Ti bàbá mi ò tíì le púpọ̀, ìyẹn dùn mọ́ ọn.

Mo ní kí wọ́n la ọrùn nígbà náà, kí wọ́n fọ ibẹ̀ mọ́. Ibi tí ọkàn ti wọlé nìyẹn. Wọ́n ti ṣe èkò, àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wo bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́, fún wọn, agbára tí ọkàn wọn fi ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde ò tó 30 nínú 100. Ìwádìí ńlá kan tó ń jẹ́ CREST, òun náà jáde lọ́dún 2010, èèyàn 2,502, ó fi hàn pé rọpárọsẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ṣe sítẹ́ǹtì fún, 4.1 sí 2.3, àmọ́ ìkọlù ọkàn pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n la ọrùn wọn, 2.3 sí 1.1. Ṣé ẹ rí i, ọpọlọ níbí, ọkàn lọ́hùn-ún. Ọkàn tí ò lágbára tó 30 yẹn wà lára ohun tí Medicare ti ń kà sí ewu ńlá fún iṣẹ́ abẹ ọrùn látọjọ́ tó ti pẹ́, pẹ̀lú ẹni tí iṣan ọrùn kejì ẹ̀ ti dí pátá, ẹni tí wọ́n ti tan iná jẹjẹrẹ sí lọ́rùn rí, tàbí ẹni tí wọ́n ti la ibẹ̀ fún tẹ́lẹ̀ tó tún padà dí. Láti October 2023 ni Medicare ti fẹ ọ̀rọ̀ sítẹ́ǹtì lójú, wọ́n sì fi kún un pé dókítà gbọ́dọ̀ jókòó ti aláìsàn, kó sọ gbogbo ọ̀nà tó wà fún un, iṣẹ́ abẹ, sítẹ́ǹtì, oògùn nìkan, kó sì gbọ́ ohun tí aláìsàn fẹ́. Tí ẹnikẹ́ni bá kàn ní "Thursday la máa ṣe é," ẹ ní kó jókòó.

Ọ̀nà tí a wá gbà ni èyí tí wọ́n ń pè ní TCAR. Wọn ò gba itan lọ sọ́rùn mọ́, ìsàlẹ̀ ọrùn níbẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣí díẹ̀ tí wọ́n á ti wọlé, nítorí náà wọn ò ní kọjá ibi tó kọ́rọ̀ láyà yẹn rárá. Wọ́n á dá ẹ̀jẹ̀ padà sẹ́yìn kúrò ní ọpọlọ gba inú rọ́bà tó ní asẹ́, èérún tó bá já á bá ibẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ á tún gba itan padà sínú ara. Wọ́n wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó gbà, láti egungun tó wà láàárín èjìká àti ọrùn dé ibi tí iṣan ti pín sí méjì gbọ́dọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, iṣan fúnra ẹ̀ náà ò gbọ́dọ̀ kéré jù. Mo bi dókítà pé mélòó ló ti ṣe àti pé mélòó nínú wọn ló ní rọpárọsẹ̀. Ojú tì mí kí n tó béèrè, ṣùgbọ́n ó dáhùn láìjanpata.

Ó wá ku àpò oògùn. Wọ́n ní kí n kó gbogbo ohun tí bàbá ń gbé mì wá, mo ní gbogbo ẹ̀, mo kó o sínú ọ̀rá, mo dà á sórí tábìlì. Aspirin àti clopidogrel ni wọ́n gbọ́dọ̀ jọ máa lò kí wọ́n tó ṣe é àti fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì sínú sítẹ́ǹtì. Omeprazole tí bàbá mi ń lò fún àyà títa, ó máa ń dí clopidogrel lọ́wọ́ kó má ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n yí i sí pantoprazole. Oògùn ara ríro tí àlejò kan mú wá láti ilé, ibuprofen ló wà nínú ẹ̀, ìyẹn pẹ̀lú aspirin lè fa ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Wọ́n bi wọ́n bóyá ìgbẹ́ wọn máa ń dúdú. Ìgò àgbo tún wà níbẹ̀. Dókítà ò bú wa, ó kàn ní òun ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, kíndìnrín wọn sì ti ń rọ̀, dáì tún fẹ́ wọ̀ ọ́, ká gbé ìgò yẹn tì. Metformin náà, oògùn ṣúgà wọn, torí kíndìnrín yìí, wọ́n dá a dúró fún ìgbà díẹ̀.

Ó béèrè bóyá iṣẹ́ abẹ mìíràn wà nílẹ̀. Mo ti fẹ́ ní rárá, kí n tó rántí pé wọ́n ti fún wọn ní ọjọ́ tí wọ́n máa gé díẹ̀ lára pròsítéètì wọn fún àyẹ̀wò. Ó ní wọn ò lè gé nǹkan lára ẹni tó ń lo oògùn méjèèjì yìí bẹ́ẹ̀, wọn ò sì gbọ́dọ̀ dá oògùn dúró torí ẹ̀. Wọ́n sún pròsítéètì síwájú. Bùọ̀dá mi ní Ìjẹ̀bú ti ní kí bàbá wá sílé fún ìsìnkú àbúrò wọn láàárín àkókò yẹn, èmi ni mo pè wọ́n tí mo ní kò ṣeé ṣe, wọ́n bínú díẹ̀, wọ́n gbà.

Ọjọ́ kan ṣáájú iṣẹ́ abẹ, mo ní kí wọ́n tún àyẹ̀wò ọpọlọ yẹn ṣe pẹ̀lú ògbufọ̀. Mo ti lóye ìdí ẹ̀ nígbà yẹn: èyí tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ ṣáájú ni wọ́n máa fi wé ti ẹ̀yìn ẹ̀, tí ti ṣáájú bá ti ní "ọpọlọ ò já gaara," tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀? Wọ́n fi àwòrán kan hàn wọ́n, obìnrin tó ń nu abọ́, omi ń ya sílẹ̀, ọmọkùnrin kan gun àga lẹ́yìn ẹ̀, ó ń jí bisikíìtì. Bàbá mi wò ó, wọ́n ní, "Obìnrin yìí ò bìkítà. Omi ti kún ilé, ọmọ ẹ̀ fẹ́ já bọ́ látorí àga, òun ń nu abọ́." Ògbufọ̀ túmọ̀ ẹ̀. Ní ti ọjọ́ orí, wọ́n ti fẹnu kò sí èyí tí wọ́n máa sọ. Àṣìṣe kankan ò sí, òdo ni wọ́n kọ.

Wọ́n ṣe é, bàbá mi jí, wọ́n pè mí lórúkọ. Lálẹ́ ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀ gan-an, ọkàn wọn ń lù díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ti sọ ọ́ fún wa pé ibi tí sítẹ́ǹtì wà yẹn náà ni ara fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ga tó, tí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́, ara á rò pé ẹ̀jẹ̀ ti ga jù. Wọ́n ti ń múra sílẹ̀ fún un ní ICU, yàrá tí wọ́n ti ń ṣọ́ ẹni tí àìsàn ẹ̀ le. Nígbà tí a máa lọ sílé wọ́n ní ká máa wọn ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, tó bá ga tí orí sì ń fọ́ wọn burúkú lápá òsì, ká má dúró, torí ọpọlọ tí ẹ̀jẹ̀ ò ti ń dé dáadáa tẹ́lẹ̀ lè gbà ju agbára ẹ̀ lọ. Orí ò fọ́ wọn. Wọ́n tún àyẹ̀wò yẹn ṣe, òdo náà ni.

Apá ọ̀tún ọrùn wọn náà ti fún dé nǹkan bí ìdajì, kò tíì fa nǹkan kan. Oògùn, statin tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, àti síkáànù lóòrèkóòrè ni wọ́n ní ká máa fi ṣọ́ ọ. Tó bá di pé wọ́n máa fọwọ́ kan ìyẹn náà, dókítà ní ìṣirò tuntun ni, bàbá á ti dàgbà sí i, ọkàn á yàtọ̀, kíndìnrín á yàtọ̀, kí n máa kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ láti ìsinsìnyí. Mo ní ìwé kékeré kan fún un báyìí, ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́, ó sì ń kọ ọwọ́ tí Grandpa fi jẹun sí i.